Bàtà Ọ̀gá Awọnlẹ̀ Lẹ́sẹ̀ Aránbàtà

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni pé aránbàtà ìsàlẹ̀ ilé wa ní yàrá kan tí bàtà àwọn ènìyàn ńláńlá kún dé àjà, àti pé gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń ṣí i, á mú ọ̀kan wọ̀ lọ sí ilé Ọlọ́run, á dá a padà, á sì tì í pa. Obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ní òdìkejì títì ló sọ ọ́ fún mi. Mo bi í bóyá ó rí yàrá náà. Ó ní rárá o, ẹnì kan tó rí ilẹ̀kùn ẹ̀ ló sọ fún òun. Mo ní, "Ilẹ̀kùn! Ta ni ò ní ilẹ̀kùn?" Ó ní kí n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ, ọjọ́ tí wọ́n bá kó bàtà ọkọ mi ni n ó mọ̀. Ọkọ mi ti wà lọ́dọ̀ Olúwa láti ọjọ́ pípẹ́, bàtà ẹ̀ sì ti bá àwọn ọmọ lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn ò bà mí lẹ́rù.

Ṣùgbọ́n mo gba ìdajì ẹ̀ gbọ́. Ìdajì tí mo gbà gbọ́ ni èyí tí ojú èmi fúnra mi rí. Ìjọ kan náà ni èmi àti ọkùnrin yìí ń lọ, ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an ni mo sì máa ń jókòó sí. Lọ́sẹ̀ yìí, bàtà dúdú olókùn ni, tó ń dán bí ojú omi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, aláwọ̀ igi ni, tó ní irin wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀wù ara ẹ̀ kì í sì í yí padà: ẹ̀wù aláwọ̀ eérú kan báyìí, tí kọ́là ẹ̀ ti sún jọ bí ètè arúgbó. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń lówó lára ẹ̀. Mo ti ń rò ó tipẹ́, mo kàn fi sínú ni, nítorí wọ́n ní ká má máa wo bàtà nígbà tí wọ́n bá ń wàásù.

Bàbá Gìgísẹ̀ la máa ń pè é. Kó tó kí ọ káàárọ̀, gìgísẹ̀ ẹ ló máa kọ́kọ́ wò. "Màmá Lọ́yà, ẹ tún ti ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì rìn. Kí ló ń dùn yín ní ìbàdí?" Ìbàdí á sì ti ń dùn mí lóòótọ́. Èmi ni Màmá Lọ́yà. Mo bí ọmọ tó ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ti di agbẹjọ́rò, orúkọ àwọn yòókù ti rá mọ́ tiẹ̀ nínú, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò sì dárí ẹ̀ jì í títí di òní.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Gìgísẹ̀ wà. Nígbà tí ọkọ Màmá Onílé wà láyé ló fún un níbẹ̀. Ibẹ̀ ṣe tóóró, òrùlé ẹ̀ sì dẹ̀gẹ̀ tẹ̀lé àtẹ̀gùn, débi pé tí oníbàárà bá ga, ìtẹríba ni yóò fi wọlé bó ti wù kó gbéraga tó. Ohun tó wà níbẹ̀ ò pọ̀: irin olórí ẹsẹ̀ tó ń kan bàtà lé, òòlù, ìlu tó fi ń lu awọ, agolo gọ́ọ̀mù tí òórùn ẹ̀ ti wọ ògiri lára, àti pátákó kan tó kọ síta: A Ń TÚN BÀTÀ ṢE. A Ń DẸ BÀTÀ TÓ BÁ FÚN. Abẹ́ àtẹ̀gùn yìí ló ti tọ́ ọmọ. Ibẹ̀ náà ni ìyàwó ẹ̀ máa ń jókòó tì í, tó ń fi àkísà nu bàtà, kí Ọlọ́run tó pè é.

Ní ti bàtà tó fún, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó o. Ènìyàn á gbé bàtà wá pẹ̀lú ẹkún, àtàǹpàkò á ti bó. Tó bá yá, wọ́n á padà wá gbé e, ẹsẹ̀ á sì wọlé wọ́ọ́rọ́, bí ọmọ tó padà sílé ìyá ẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè bó ṣe ń ṣe é. Gbogbo wa rò pé igi kan báyìí ló ń tì bọ̀ ọ́ nínú.

Ọ̀gá Awọnlẹ̀ náà rò bẹ́ẹ̀. Ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ wọn ilẹ̀ fún ìjọba, ó mọ ibi tí ààlà gbogbo ènìyàn dé, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ kan tiẹ̀. Ó gbé bàtà tuntun wá, aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, awọ gidi, tó fún un bí ìdè. Bàbá Gìgísẹ̀ gbà á, ó ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a ti gbàdúrà tán, a ti jókòó. Bàbá Gìgísẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó rọra ń mi orí bàtà. Oníwàásù ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ká dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú Olúwa ni. La bá gbọ́ ohùn Ọ̀gá Awọnlẹ̀ láti apá ọ̀tún: "Bàtà mi nìyẹn!"

Bàbá Gìgísẹ̀ bojú wẹ̀yìn, kò tilẹ̀ yọ ẹsẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣe sùúrù. Kò tíì tó. Ti ọwọ́ òsì ṣì ń fún."

Ọlọ́run ló mọ̀ bí mo ṣe pa ẹ̀rín yẹn mọ́nú. Ṣùgbọ́n nígbà tá a jáde, ẹ̀rín ti kúrò níbẹ̀. "Olè!" ni Ọ̀gá Awọnlẹ̀ ń pè é lójú gbogbo ìjọ. Wọ́n tún ti fi ọ̀rọ̀ yàrá tó kún dé àjà kún un. Màmá Onílé wà níbẹ̀, ìtìjú sì bò ó. Ó ní òun ò lè gbé olè sábẹ́ àtẹ̀gùn òun. Ó ní kí gbogbo wa pàdé ní pálọ̀ òun lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá jẹ́ olè ni, kí Bàbá Gìgísẹ̀ gbé irin ẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà gan-an.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni Bàbá Gìgísẹ̀ ti gòkè wá kan ilẹ̀kùn mi. Kò jókòó. Ó ní, "Màmá Lọ́yà, ẹ bá mi bi ọmọ wa. Kí ni wọ́n ń pè ní olè nílé ẹjọ́?"

Mo ti ń gbọ́ "olè" láti kékeré, mo ti pariwo ẹ̀ lójú títì rí, mo ti fi kọ́ ọmọ, mo ti fi bẹ Ọlọ́run. Ẹnì kan wá bi mí pé kí ni, mo dúró gbagidi bí ọmọ iléèwé tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Nígbà tí ọmọ mi dé ní ọjọ́ Jímọ̀, mi ò jẹ́ kó bọ́ bàtà kí n tó bi í. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń bá mi nù ún.

"Màmá, kéèyàn mú nǹkan nìkan kọ́ ni olè."

"Kí ló tún kù?"

"Nǹkan náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Kí ẹni tó ni ín má sì fọwọ́ sí i. Kí ẹni tó mú un mọ̀ lọ́kàn ara ẹ̀ pé ọ̀nà èrú ni. Kó tún ní i lọ́kàn pé kò ní padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín mọ́."

"Ó pọ̀ o! Ọlọ́run ní ká má jalè, ó sì dákẹ́."

"Ọlọ́run ń rí ọkàn, Màmá. Adájọ́ ò rí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tiwa fi gùn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo fa àga, mo jókòó. Mo ní, "Tí mo bá mú agbòòrùn ẹlòmíràn jáde nílé ìjọsìn, tí mo rò pé tèmi ni ńkọ́?"

"Ẹ kì í ṣe olè. Ẹ rò pé tiyín ni."

"Tí mo bá wá délé, tí mo rí i pé kì í ṣe tèmi, àmọ́ tó dáa ju tèmi lọ?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Á, Màmá! Láti ibẹ̀ yẹn lọ, kí ẹ máa ṣọ́ra yín."

"Ìkòkò ńlá mi tó wà nílé ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

"Ṣé ó ní òun ò ní dá a padà ni?"

"Ó ní ọ̀la."

"Láti ìgbà wo?"

"Ìyàwó ẹ̀ ò tíì bí àkọ́bí nígbà yẹn."

"Kò tíì di olè, Màmá. Ọ̀la ò ṣáà tíì dé."

Ẹ wò ó, wọ́n fi owó mi kọ́ ọmọ yìí ní òfin, òfin náà ló wá fi gba ìkòkò lọ́wọ́ mi. Mo wá bi í ní ti Bàbá Gìgísẹ̀. Ẹni tó gba bàtà oníbàárà, tó wọ̀ ọ́, tó sì fẹ́ dá a padà, kí la ń pe ìyẹn? Ó ní gbogbo ẹ̀ dúró lórí ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ nígbà tó ń wọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bi í."

A sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Gìgísẹ̀ ń kan ìṣó mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kan, àwọn mìíràn wà lẹ́nu ẹ̀. Ó tu wọ́n sọ́wọ́, ó kí ọmọ mi. "Lọ́yà, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó sórí àpótí yẹn, ó mọ́."

Ọmọ mi bi í pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ń wọ bàtà oníbàárà?"

Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ló dé tó fi ń mí. "Kí ló dé? Báwo ni n ó ṣe dẹ̀ ẹ́?"

"Àwọn ẹlòmíràn ń lo igi."

"Igi kì í làágùn, Lọ́yà."

Ló bá ṣàlàyé. Awọ ń fẹ́ ooru, ó ń fẹ́ ọ̀rinrin, ó ń fẹ́ ẹsẹ̀ tó ń gbé ẹrù ara. Igi á fẹ bàtà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó o bá yọ ọ́, bàtà á tún sún padà bí ẹni tó ń bínú. Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ló ń lò láti bá ẹsẹ̀ oníkálukú dọ́gba: ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, ó wọ ẹyọ kan, ẹlẹ́sẹ̀ ńlá, ó to méjì mẹ́ta léra. Ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ilé ìjọsìn wa ni kò sí irú ẹ̀. Tó bá ń gun un, ibi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń dẹ̀. Tó bá ń sọ̀ ọ́, ẹ̀yìn gìgísẹ̀.

Mo ní, "Ṣé ìdí tó fi jẹ́ Sọ́ńdè nìyẹn?"

"Àti ìkúnlẹ̀," ló wí. "Ìkúnlẹ̀ ló ń mú orí bàtà rọ̀. Kò sí ohun tó dà bí àdúrà gígùn fún bàtà tuntun."

Ẹ gbà mí! Ọkùnrin tí mo ti ń wò láti ẹ̀yìn, tí mo ń sọ nínú ara mi pé, Olúwa, ìbá ṣe pé gbogbo wa lè kúnlẹ̀ pẹ́ bí i tiẹ̀! Mo bi í, ojú mi le, "Bàbá Gìgísẹ̀, ṣé bàtà lẹ wá ń dẹ̀ ni, àbí ẹ ń gbàdúrà?"

"Màmá Lọ́yà, ṣé ẹnu ni mo fi ń wọ bàtà ni?"

Ohun kan tún ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́: láti ìgbà tí ìyàwó ẹ̀ ti kú, kò gba bàtà obìnrin tó fún mọ́. Bàtà tó bá já, á gbà á; èyí tó bá fún, á ní kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Èmi rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Mo bi í. Ó mú òòlù, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Òun ló ń wọ̀ wọ́n," ló wí. "Gbogbo bàtà obìnrin tí mo bá gbà, òun ló ń bá mi rìn ín. Ta ni yóò bá mi wọ̀ wọ́n báyìí?"

Ọmọ mi dìde lórí àpótí, a kí i, a jáde. Bí a ṣe ń gòkè padà, ó ní, "Màmá, ọkùnrin yìí ò jí nǹkan kan. Ó rò tọkàntọkàn pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún òun lòun ń ṣe. Ibi tí olè ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọkàn, kò dé ibẹ̀." Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀sán gangan, a pé sí pálọ̀ Màmá Onílé. Ibẹ̀ mọ́ ju bó ti yẹ lọ, wọ́n sì fi aṣọ funfun bo gbogbo àga, èèyàn ò lè fara tì. Bàbá Gìgísẹ̀ jókòó sí etí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó wọ sálúbàtà tiẹ̀ tó ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá Awọnlẹ̀ gbé bàtà pupa náà sórí tábìlì láàárín wa, bí ẹni gbé òkú wá.

Ọmọ mi ṣàlàyé bó ṣe ṣàlàyé fún mi nínú ilé ìdáná, àmọ́ tìrọ̀rùn tìrọ̀rùn, ó ń pe gbogbo wọn ní "ẹ̀yin àgbà." Màmá Onílé ń mi orí. Nígbà tó parí, Màmá Onílé yíjú sí Bàbá Gìgísẹ̀.

"O gbọ́? Wọ́n ní o kì í ṣe olè. Ọlọ́run ṣeun. Ohun tó kù ò ju kí o sọ pé o yá a wọ̀, pé o ò sọ fún onínǹkan, kó dárí jì ọ́. Àyè ẹ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. A ti parí ẹ̀."

Bàbá Gìgísẹ̀ ní, "Màmá Onílé, mi ò yá a."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo ṣiṣẹ́ lára ẹ̀."

Ọ̀gá Awọnlẹ̀ fò dìde. "Ẹ ò gbọ́! Kò kábàámọ̀! Ìwọ, ṣé wàá tún wọ̀ ọ́ ni?" Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, "ẹ" ló máa ń pe Bàbá Gìgísẹ̀. Ọjọ́ kan ló sọ ọ́ di "ìwọ."

"Tó bá ṣì ń fún yín, bẹ́ẹ̀ ni."

"Bàbá, ẹ má dáhùn ìyẹn," ni ọmọ mi yára wí.

"Jẹ́ kó dáhùn! Ìwọ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ nínú ìjọ, o ń mi bàtà mi jìgìjìgì lójú gbogbo ayé. Ṣé ìyẹn náà ń dẹ awọ?"

Bàbá Gìgísẹ̀ wo ilẹ̀. Ó ní, "Rárá. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Ó wù mí ni."

"Ó ti jẹ́wọ́!"

"Kò jẹ́wọ́ nǹkan kan, sà," ni ọmọ mi wí. "Gbígbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ kọ́ ni olè. Ẹ rí bàtà yín níwájú yín yìí, odindi. Kí lẹ pàdánù?"

Ọ̀gá Awọnlẹ̀ jókòó padà. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀. "Ọmọ mi tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́. Ó ní, 'Dádì, ọjọ́ tí wọ́n bá fi yín ṣe alàgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.' Mo gbìyànjú ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò jẹ́ kó kan ilẹ̀. Ẹ ní ó dá bàtà padà, mo gbà. Ṣé ó lè dá àkọ́wọ̀ padà?"

Èmi tí mo ti ń fi ẹnu ṣe yẹ̀yẹ́ ọkùnrin yìí láti ọjọ́ Ìsinmi, àánú ẹ̀ ṣe mí. Bàbá Gìgísẹ̀ gbójú sókè wò ó.

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, Ọ̀gá."

"Ìwọ náà ò sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ẹ lo máa kì bọ̀ ọ́!"

Ọmọ mi ti fara síwájú. Mo mọ ojú yẹn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti kékeré tí wọ́n bá pa àlọ́ tó le fún un. "Ìbéèrè gidi lẹ bi yìí, sà. Ó ní kò ní í lọ́kàn láti gba bàtà lọ́wọ́ yín títí láé. Àmọ́ àkọ́wọ̀ ti lọ títí láé. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, ṣé àkọ́wọ̀ jẹ́ nǹkan tí a lè jí?"

"Nǹkan tí a ò lè fọwọ́ bà?" ni Màmá Onílé bi í.

"Iná mànàmáná ńkọ́, Màmá? Ẹ ò lè dì í mú, àmọ́ wọ́n ń mú ẹni tó bá jí i."

"Ẹ ò rí i!" ni Ọ̀gá Awọnlẹ̀ wí.

"Ẹni tó bá lóun á fọwọ́ ba iná, ẹ fi í sílẹ̀, á sọ tiẹ̀," ni Màmá Onílé wí.

Èmi náà ò lè dákẹ́. Mo ní, "Tí mo bá tọ́ ọbẹ̀ wò kí n tó gbé e fún àlejò, ṣé mo ti jí àkọ́jẹ ẹ̀ ni?"

"Ìyẹn yàtọ̀," ni Ọ̀gá Awọnlẹ̀ wí. "Ọbẹ̀ yín ni."

"Tó bá wá jẹ́ pé àlejò ló gbé ẹran wá ńkọ́?"

"Bó bá ní kí ẹ sè é, ó ti gbà kí ẹ tọ́ ọ wò," ni ọmọ mi wí. "Ṣùgbọ́n tí kò bá mọ̀ pé àwọn alásè máa ń tọ́ ọ wò, ìgbà yẹn ni ó..."

Bàbá Gìgísẹ̀ dìde. Ó mú bàtà náà lórí tábìlì, ó ti ìka méjì bọ̀ ọ́ nínú, ó gbé e sílẹ̀ síwájú Ọ̀gá Awọnlẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọ̀gá, àkọ́wọ̀ yẹn dùn mí. Ká ní ẹ sọ ni, igi ni ǹ bá fi ṣe é, kó tilẹ̀ fún yín díẹ̀. Ẹ má bínú." Ó yíjú sí Màmá Onílé. "Ṣùgbọ́n mi ò yá a, Màmá. Mi ò lè sọ ohun tí mi ò ṣe nítorí abẹ́ àtẹ̀gùn. Tí mo bá ní mo yá a, gbogbo bàtà tí èmi àti ìyàwó mi ti rìn láti ọjọ́ yìí, ìgbafẹ́ la wá ń ṣe nìyẹn."

"Jókòó ná," ni Màmá Onílé wí. "Ta ló ní kó o dìde? A ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́."

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n tètè lọ wá ibi tí n ó gbé irin mi sí kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ọ̀gá Awọnlẹ̀ ní ká má jẹ́ kó lọ. Màmá Onílé ní ta ló lé e, òun ò tíì lé ẹnikẹ́ni. Èmi ń pe orúkọ ẹ̀. Ọmọ mi ṣì na ìka kan sókè. "Bàbá, ẹ dúró, mo ti ń dé ibi tó máa gbà yín là," ló ń wí, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti padé.